Ta ló ń polówó lójú fóònù yín? Ìdáhùn fún oníṣòwò aṣọ kan ní Gbági

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági n'Ìbàdàn, orí WhatsApp sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí ìpolówó ò jẹ́ kí n gbádùn fóònù mi. Bí mo bá ń fi àǹkárá han oníbàárà, àwòrán ìhòòhò á kàn yọ síta. Nígbà míì, á kọ ọ́ ní pupa pé fáírọ́ọ̀sì 13 ti wọ fóònù mi, á tiẹ̀ dárúkọ irú fóònù tí mò ń lò, pé kí n tètè tẹ ibì kan. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àfi kí òun flash rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lòun máa gbà. Kọ̀ǹpútà ọmọ mi náà ń ṣe ségesège: tó bá ń wá nǹkan lórí Google, ibòmíì ló ń gbé e lọ. Ṣé kí n san owó yìí? Ṣé kò séwu fún owó mi ní báńkì?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì san ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ yẹn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò rí èyí tó sọ pé fóònù yín nílò flash, ìyẹn kí wọ́n pa sọ́fítíwíà inú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n sì fi òmíràn sí i. Ohun tí mo rí ni pé ẹnì kan ti gba àyè lọ́wọ́ yín, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó bá yín lo fóònù, àyè yẹn ló sì ń lò títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ká wá a rí, ká gba àyè náà padà lọ́wọ́ rẹ̀: iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò lára yín. Irọ́ gbuu ni ọ̀rọ̀ pupa tó ń pariwo fáírọ́ọ̀sì 13. Kò sí ojú-òpó kankan tó lè ti inú Chrome yẹ inú fóònù yín wò kó sì ka fáírọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Wọn ò fún un lágbára bẹ́ẹ̀. Ti orúkọ fóònù tó ń dá, kò sí awo níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú-òpó kan ni bíráúsà, ìyẹn áàpù tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì bíi Chrome, lè sọ irú fóònù tí ẹ fi wá fún un, kí ojú-ìwé náà lè tò bó ṣe bá fóònù yẹn mu. Àdírẹ́sì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì máa ń tú àṣírí orílẹ̀-èdè yín, nígbà míì pẹ̀lú ìlú. Ohun tí wọ́n rí kà nìyẹn tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. Wọ́n tún lè lẹ àmì McAfee tàbí Norton, àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, mọ́ ọn láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ló kọ ọ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé yín lọ síbi tí ẹ ó ti ra nǹkan, kí ẹni tó gbé yín lọ lè gba kọmíṣọ́ọ̀nù. Tàbí kí wọ́n ní kí ẹ fi áàpù kan tó ń jẹ́ “cleaner” sórí fóònù, tíyẹn náà á tún bẹ̀rẹ̀ ìpolówó tirẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun tí ìpolówó bá ní kí ẹ fi sórí fóònù síbẹ̀, bó ti wù kó dárúkọ ńlá tó.

Ó yá, ibo ló ń gbà wọlé? Ẹ wo bó ṣe ń yọ. Tó bá jẹ́ pé òkè fóònù ló ti ń bọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí mẹ́sẹ́èjì WhatsApp wọlé, tí àmì Chrome wà lára rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ojú-òpó kan tí ẹ kò mọ̀ rí, ojú-òpó yẹn ló ti gba àṣẹ ìfitónilétí. Tó bá jẹ́ pé ó ń bo gbogbo ojú fóònù nígbà tí ẹ wà lórí WhatsApp tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́ọ̀kì, áàpù kan ló wà nídìí rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ orí ojú-òpó kan ṣoṣo ló ti ń ṣẹlẹ̀, fóònù yín ò ní nǹkan kan, ojú-òpó yẹn ni ẹ ó máa yẹra fún. Èyí tó máa ń yọ sáàárín ojú fóònù pẹ̀lú “OK” àti “Cancel”, tó ń fi orin ìpè tàbí ìròyìn bọ́ọ̀lù lọ̀ yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fi í ránṣẹ́ látorí síìmù, kò kan bíráúsà rárá. Ẹ má tẹ OK níbẹ̀, nítorí owó ni wọ́n á máa yọ. Ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fi lélẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ irú mẹ́sẹ́èjì ìpolówó bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lójú tèmi, méjì àkọ́kọ́ ló pa pọ̀ lórí fóònù yín: ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì ń ti Chrome wá, àwòrán ìhòòhò tó ń bo WhatsApp sì lè jẹ́ ti áàpù. Ẹ jẹ́ ká fi ti Chrome bẹ̀rẹ̀, torí òun ni mo máa ń bá jù lórí fóònù àwọn èèyàn.

Ẹ rántí bóyá ẹ̀yin tàbí ọmọ kan nílé ti lọ wo bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, tàbí lọ gba orin àti fíìmù lórí ojú-òpó kan tí kò lórúkọ. Bí ojú-ìwé náà ṣe máa ń rí rèé: ojú funfun gbòò, àwòrán rọ́bọ́ọ̀tì kékeré láàárín, òbìrìkìtì kan tó ń yí bí ẹni pé nǹkan fẹ́ ṣí, ọfà tó ń tọ́ka sókè, àti ọ̀rọ̀ gàdàgbà kan: “Click Allow to confirm you are not a robot”. Lókè ibẹ̀, àpótí kékeré kan yọ, Chrome fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ohun tí àpótí náà ń bèèrè ni bóyá ẹ fẹ́ kí ojú-òpó yìí máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí yín. Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀, “Block” àti “Allow”. Àpótí yẹn àti ọ̀rọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì yẹn kò bára tan rárá. Ojú-òpó náà kàn kọ irọ́ sábẹ́ ìbéèrè òótọ́ ni. Ẹni tó ń kánjú kó má bàa pàdánù góòlù ò ní ka ìbéèrè inú àpótí náà, á tẹ “Allow”. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ojú-òpó náà láṣẹ láti máa ju ohun tó bá wù ú sójú fóònù yín, ní ọ̀sán àti ní òru, kódà nígbà tí ẹ kò ṣí Chrome. Ó dà bí ìgbà téèyàn fún akiri-ọjà tí kò mọ̀ rí ní kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ rẹ̀.

Ohun rere ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe àṣẹ ìfitónilétí yìí. Ní 2015 tí Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láyè, èrò wọn ni pé kí ìwé ìròyìn lè fi ìròyìn ránṣẹ́, kí ilé ìtajà lè sọ pé ọjà yín ti dé. Àwọn ẹlẹ́tàn kàn rí àyè wọlé ni. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2020, Firefox, bíráúsà mìíràn, fòfin dè é pé ojú-òpó kankan ò gbọdọ̀ gbé àpótí yẹn dìde láìjẹ́ pé ẹni tó ń lò ó ti kọ́kọ́ tẹ nǹkan lójú-ìwé náà. Lọ́dún kan náà, Chrome náà bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn tó bá ti mọ̀ sí ẹlẹ́tàn lọ́nà. Wọn ò lè mú gbogbo wọn tán, nítorí kò nira láti forúkọ ojú-òpó tuntun sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gba kọ́kọ́rọ́ yín padà.

Ẹ ṣí Chrome, kí ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ wọ “Settings”, kí ẹ wọ “Site settings”, lẹ́yìn náà “Notifications”. Orúkọ gbogbo ojú-òpó tí ẹ ti fún láṣẹ wà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ máa rí orúkọ tí kò jọ ohunkóhun, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà kàn lù mọ́ra wọn, àwọn nìyẹn. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí i sí “Block”. Tí ẹ bá tún rí ìpolówó tó bọ́ láti òkè, ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti ṣí i: ẹ fà á wálẹ̀, ẹ ó rí i pé lórí Chrome tuntun, bọ́tìnnì “Unsubscribe” wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á gba àṣẹ ọ̀hún padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ̀ràn tèmi tilẹ̀ ni pé, ní òkè ojú-ìwé “Notifications” yẹn, ẹ pa bọ́tìnnì rẹ̀ pátápátá, kí ojú-òpó kankan má lè bèèrè mọ́. WhatsApp àti áàpù báńkì yín ò ní tìtorí ẹ̀ dákẹ́. Ti ojú-òpó inú Chrome nìkan lẹ pa. Kí ẹ tó kúrò nínú “Site settings”, ẹ wo “Pop-ups and redirects”, kí ẹ rí i pé òun náà wà ní pípa.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìpolówó tó ń ṣí fèrèsé tirẹ̀ lọ́tọ̀, Ethan Zuckerman ni, ọmọ Amẹ́ríkà tó bá Tripod, ilé-iṣẹ́ tó ń fún èèyàn láyè láti ṣe ojú-ìwé tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣiṣẹ́ láàárín ọdún 1994 sí 1999. Ní 2014 ó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ó ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ló bínú pé ìpolówó òun wà lójú-ìwé tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, làwọn fi ní kí ìpolówó máa dá dúró nínú fèrèsé tirẹ̀. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé wàhálà yín yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lọ.

Ó wá ku áàpù. Láti Android 10 tó jáde ní 2019, Google ò gbà kí áàpù tí ẹ kò lò lọ́wọ́ dédé gbé ojú-ìwé rẹ̀ bo èyí tí ẹ ń lò, àyàfi ìwọ̀nba tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni áàpù tó bá ti gba àṣẹ tí wọ́n ń pè ní “Display over other apps”. Orí Samsung, “Appear on top” ló ń jẹ́. Torí náà, ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ lọ sí “Settings” fóònù fúnra rẹ̀, kí ẹ wọ “Apps”, kí ẹ wá “Special app access”. Tí ẹ kò bá rí i kíákíá, ẹ kọ orúkọ àṣẹ náà sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings. Ẹ bi ara yín léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni áàpù tọ́ọ̀ṣì ń wá lórí ojú WhatsApp mi? Kí ni géèmù ọmọdé ń wá níbẹ̀? Kí ni áàpù tó ní òun á mú kí bátìrì pẹ́ ń wá níbẹ̀? Ẹ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yọ áàpù náà kúrò pátápátá. Àwọn mìíràn máa ń fi ara wọn pamọ́, ẹ kò ní rí àmì wọn lójú fóònù, ṣùgbọ́n inú “Settings”, “Apps” ò gbàgbé wọn. Ẹ wá èyí tí kò lórúkọ, tàbí tí àmì rẹ̀ kàn funfun.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà ká a mọ́. Lọ́jọ́ tí ìpolówó bá yọ, ẹ má sáré pa á. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fi gbogbo áàpù tó wà ní ṣíṣí hàn, èyí tó máa ń rí bí igun mẹ́rin, tàbí kí ẹ ti ìka láti ìsàlẹ̀ gòkè. Ẹ wo àmì àti orúkọ tó wà lórí káàdì ìpolówó náà. Ẹni tó ń polówó lójú yín nìyẹn.

Tí ẹ kò bá ṣì rí i mú, ẹ wọ “Safe mode”. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń pa fóònù mọ́lẹ̀ títí “Power off” á fi jáde, kí ẹ wá tẹ ọ̀rọ̀ “Power off” yẹn mọ́lẹ̀ títí á fi bi yín bóyá ẹ fẹ́ Safe mode. Nínú Safe mode, áàpù tí ẹ̀yin fi sórí fóònù ò ní ṣiṣẹ́, àwọn tó bá fóònù wá nìkan ló máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Tí ìpolówó bá dáwọ́ dúró, ó ti dájú pé áàpù tí ẹ fi síbẹ̀ ni. Ẹ tan fóònù padà bó ṣe yẹ, kí ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó dé gbẹ̀yìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì ṣí Play Store, kí ẹ tẹ àwòrán yín lókè, kí ẹ wọ “Play Protect”, kí ẹ tẹ “Scan”. Google ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà lórí fóònù yín. Ẹ kò nílò “cleaner” kankan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣòwò fetí sí gan-an: WhatsApp wo lẹ ń lò? Ọ̀pọ̀ nínú ọjà ló ń lo GBWhatsApp tàbí FMWhatsApp, tí ọ̀rẹ́ fi Xender fún wọn, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n rí Status tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́. Kì í ṣe WhatsApp ló ṣe wọ́n, wọn ò sì sí lórí Play Store. Ní oṣù Kẹjọ 2021, àwọn onímọ̀ Kaspersky, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, rí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Triada nínú ẹ̀dà kan FMWhatsApp. Iṣẹ́ tó lè ṣe lára fóònù ni kó fi ìpolówó bo gbogbo ojú rẹ̀, kó sì forúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀ fún iṣẹ́ olówó láìsọ fún un. Tí tiyín bá wà lára wọn, ẹ kúrò níbẹ̀ kí ẹ padà sí WhatsApp gidi, tàbí WhatsApp Business tó tiẹ̀ ní àyè tí ẹ lè to ọjà yín sí. Iye tí oníbàárà yín jẹ́ ló jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn. Nọ́ńbà gbogbo wọn ló wà nínú áàpù yẹn.

Kí irú rẹ̀ má bàa tètè padà, mo fẹ́ràn ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni “Private DNS”, àyè tí ẹ ti lè yan ẹni tó ń bá fóònù yín wá àdírẹ́sì ojú-òpó, tó wà lórí Android 9 sókè. Ẹ wá a nínú Settings, ẹ yàn án pé kí ẹ kọ orúkọ síbẹ̀, kí ẹ wá kọ dns.adguard-dns.com. Ọ̀pọ̀ ìpolówó inú áàpù àti inú bíráúsà ò ní lè wọlé mọ́, dátà yín náà á sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Kò lè dá ti YouTube dúró. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ láti ṣí níbì kan, ẹ dá a padà sí “Automatic”. Ìkejì ni Firefox pẹ̀lú uBlock Origin, àfikún bíráúsà tó ń dí ìpolówó lọ́nà, tí Raymond Hill bẹ̀rẹ̀ ní 2014 tí kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Chrome orí Android kì í gba irú àfikún bẹ́ẹ̀, Firefox ń gbà á. Ẹ ṣáà dá àwọn ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà lójoojúmọ́ sí nínú uBlock, torí ìpolówó ni wọ́n fi ń sanwó fún akọ̀ròyìn, tiwọn kì í sì í fipá wọlé.

Kọ̀ǹpútà ọmọ yín kò le. Ohun tó ń ṣe é ni àfikún bíráúsà tó bá nǹkan mìíràn wọlé, bóyá géèmù tàbí fíìmù tó gbà lọ́fẹ́ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ “Next, Next” láìkà á. Kí ó wọ “Extensions” nínú Chrome, kí ó tẹ “Remove” sí gbogbo èyí tí kò bá mọ̀. Kí ó wo “Search engine” àti “On startup” nínú Settings, kí ó dá wọn padà sí bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà kí ó lo “Reset settings”; pásíwọ́ọ̀dù àti bookmark tó tọ́jú ò ní sọnù. Tí bọ́tìnnì “Remove” kò bá ṣiṣẹ́, tí Chrome sì ń kọ ọ́ pé “Managed by your organization” lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé, kòkòrò náà ti gbilẹ̀ díẹ̀. Kí ó gba AdwCleaner, irinṣẹ́ tó ń yọ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kúrò, lórí malwarebytes.com, ọ̀fẹ́ ni, kí ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ lè gbọ́ pé Chrome ní irinṣẹ́ ìfọ̀mọ́ tirẹ̀ lórí Windows. Google ti yọ ọ́ kúrò ní 2023, kí ó má wá a. Tó bá sì jẹ́ àkáńtì Google kan náà ló ń lò lórí kọ̀ǹpútà méjì, kí ó yọ àfikún náà ní méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sync, ohun tó ń mú kí méjèèjì bára mu, á tún gbé e padà.

Ìgbà wo wá ni flash? Tí ìpolówó bá ń yọ títí dé inú Safe mode lẹ́yìn tí ẹ ti gba gbogbo àṣẹ inú Chrome padà, ó ṣeé ṣe kó ti wọ inú ohun tó bá fóònù wá. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú WhatsApp yín nínú “Chat backup”, kí ẹ tọ́jú àwòrán aṣọ yín, kí ẹ wá ṣe “Factory reset”, èyí tó ń pa ohun tí ẹ fi sórí fóònù rẹ́, fúnra yín. Àwọn kòkòrò kan wà tí reset ò lè mú kúrò, irú xHelper tí wọ́n rí ní 2019. Fún irú ìyẹn nìkan ni flash wúlò, ilé ìtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ fóònù yín fọwọ́ sí sì ni kó ṣe é, bíi Carlcare fún Tecno, Infinix àti itel, torí wọ́n ní sọ́fítíwíà gidi tó yẹ fóònù náà.

Ní ti owó yín, ìpolówó tó kàn ń yọ tí ẹ sì ń pa kò lè dé báńkì. Ẹ ṣáà wọ “Settings”, kí ẹ wo “Accessibility”. Áàpù tó bá ní àṣẹ ibẹ̀ lè ka ohun tó wà lójú fóònù, ó sì lè bá yín tẹ nǹkan. Tí ẹ bá rí áàpù tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìpolówó, a kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹ má ṣí áàpù báńkì lórí fóònù yẹn mọ́, ẹ yọ áàpù ọ̀hún kúrò, kí ẹ lo fóònù ẹlòmíràn tí ẹ fọkàn tán láti yí pásíwọ́ọ̀dù báńkì àti ti Gmail yín padà. Bákan náà, tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà káàdì, PIN tàbí OTP sínú ojú-ìwé tí ìpolówó gbé yín lọ, ẹ pe báńkì lónìí kí wọ́n ti káàdì náà pa. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lójú ìpolówó.